Ta Ni Ó Ń Ba Aṣọ Wa Jẹ́?

Ohùn kan ti ń ròkè láàárín ẹgbẹ́ wa láti ìgbà tí a ti ń múra àjọ̀dún àṣà tí ń bọ̀. Ohùn náà ní kí a yọ ìfihàn aṣọ àwọn ọ̀dọ́ kúrò nínú ètò ọjọ́ náà. Ìdí mẹ́ta ni wọ́n mú wá: pé àwọn ọmọ wọ̀nyí ń gé aṣọ tí kò yẹ ní gígé, pé wọ́n ń rán ohun tí ó ń tú ara síta, pé ọ̀nà àwọn òyìnbó ni wọ́n ń tọ̀. Àwọn tí ó sọ ọ́ kì í ṣe ènìyàn yẹpẹrẹ. Àgbà ni wọ́n, a sì bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ kò ní kí a má fèsì. Ojú tiwa ni pé wọ́n ń na ẹni tí kò jalè, tí olè gan-an sì ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ohun tí ó wà nínú ewu ju ìfihàn ọjọ́ kan lọ. Iṣẹ́ òòjọ́ àwọn ọmọ tí ń kọ́ ìránṣọ ní Lagbé àti ní gbogbo Ìfọ̀nyìn wà nínú rẹ̀. Òfì àti ìkòkò aró tí ó kù sí wa lọ́wọ́ náà wà nínú rẹ̀.

Kí a má baà sọ̀rọ̀ lófìfo, ẹ jẹ́ kí a mú ẹnì kan tí irú ẹ̀sùn yìí ti bá ní gbangba. Sidahmed Seidnaly, tí ayé mọ̀ sí Alphadi, ni a bí ní Tombouctou ní 1957, ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè Niger, aládùúgbò wa ní àríwá, ni ó ń pè ní ilé. Iṣẹ́ ìrìn-àjò afẹ́ ni ó kọ́kọ́ kọ́, kí ó tó fi gbogbo ara rẹ̀ fún aṣọ. Àwọn oníròyìn Faransé sọ ọ́ ní «le Magicien du désert», onídán inú aginjù. Ohun tí ó ń ṣe kò ṣòro láti ṣàlàyé: ó mú awọ, fàdákà, ìlẹ̀kẹ̀ àti aṣọ híhun àwọn ènìyàn Niger, ó sì rán wọn ní ọ̀nà tí obìnrin Paris pàápàá yóò fi fẹ́ wọ̀ wọ́n. Ní 1998, ó pe àwọn aránṣọ Áfíríkà àti ti òkè òkun jọ sí Tiguidit, nínú aginjù níhà Agadez, fún àjọ̀dún àkọ́kọ́ tí a ń pè ní FIMA, èyí ni Festival International de la Mode Africaine. Yves Saint Laurent, ọ̀kan nínú àwọn orúkọ tí ó ga jù ní Paris, wà lára àwọn tí aṣọ wọn gba orí iyanrìn náà kọjá.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2000, nígbà tí àjọ̀dún kejì kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀sìn kan jáde sí ìgboro Niamey àti Maradi. Wọ́n ní ìfihàn náà lòdì sí ẹ̀sìn, wọ́n ní ó ń ba ìwà obìnrin jẹ́. Ní Maradi, ìwọ́de di ìjà. Wọ́n kọlu ilé ọtí, wọ́n lé àwọn obìnrin tí wọ́n ní ìmúra wọn kò bójú mu, wọ́n sì ba ilé ìjọsìn àwọn Kristẹni jẹ́. Ìjọba fi òfin de díẹ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ náà lẹ́yìn èyí. Àjọ̀dún náà sì wáyé.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ yìí dáadáa. Alphadi ni wọ́n bínú sí, ṣùgbọ́n kì í ṣe Alphadi ni wọ́n nà. Àwọn tí ń rìn lórí pèpéle ìfihàn kò sí ní Maradi. Obìnrin ìlú, tí kò ní owó ọkọ̀ tí yóò gbé e dé ibi ìfihàn kankan, ni ìyà jẹ. Àwọn baba wa ti sọ pé ẹni tí ó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Nígbàkígbà tí ìlú bá gbé ìwà rere ka orí aṣọ, orí obìnrin tí kò ní olùgbèjà ni òkò náà ń bọ́ sí. A ní Mùsùlùmí nínú ẹgbẹ́ yìí, a ní Kristẹni, a ní ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀. Kò sí èyí nínú wọn tí ẹ̀sìn rẹ̀ pàṣẹ pé kí a lé ọmọ ọlọ́mọ ní títì nítorí yẹ̀rì. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ aṣọ gígùn, kí ó wọ̀ ọ́, kí ó sì fi iyì wọ̀ ọ́. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ náà kò dé ọrùn ẹlòmíràn.

Ẹ̀sùn kejì tí wọ́n fi kan Alphadi wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ, a kò sì ní fò ó dá. Wọ́n ní: kí ni ó mú ènìyàn gbé ìnáwó àṣehàn lọ sí orílẹ̀-èdè tí ó wà lára àwọn tí ó tálákà jù lọ ní ayé? Ìbéèrè gidi ni èyí. Ìdáhùn wa ni pé kò sí ọ̀wọ́n oúnjẹ tí a lè fi pípa iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ fàdákà wò sàn. Ẹni tí ń hun aṣọ, ẹni tí ń ṣe awọ, ẹni tí ń rọ fàdákà, oníbàárà ni oògùn òṣì rẹ̀, oníbàárà kì í sì í wá sí ibi tí a kò ti pàtẹ ọjà. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a máa bi irú àjọ̀dún bẹ́ẹ̀ ni èyí: nígbà tí àwọn àlejò bá lọ tán, èló ni ó kù sí ọwọ́ ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ náà? Ẹ bi Alphadi bẹ́ẹ̀. Ẹ bi gbogbo wọn. Bákan náà ni a kò ní bo ohun tí kò dára mọ́lẹ̀: ní 2018, FIMA lọ sí Dakhla, ní ilẹ̀ Sàhárà Ìwọ̀-oòrùn tí Mòrókò àti àwọn Sahrawi ń du mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá gbé ìfihàn aṣọ ka orí ilẹ̀ tí ẹjọ́ rẹ̀ kò tíì parí, ó ti gbè sẹ́yìn ẹnì kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣọ nìkan ni ó sọ pé òun gbé wá. Èyí ni irú àríwísí tí ó yẹ kí aránṣọ ńlá gbọ́. Ọ̀rọ̀ ojúgun obìnrin kò sí nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí orí gígé aṣọ. Nínú èyí, Chris Seydou ti Málì ni ẹlẹ́rìí wa. Seydou Nourou Doumbia ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Kati ni wọ́n ti bí i ní 1949, ó sì kú ní 1994. Ó ṣiṣẹ́ ní Paris, ó ṣiṣẹ́ ní Abidjan, kí ó tó padà sí ilé. Òun ni ó mú bògòlán, aṣọ tí àwọn obìnrin Bamana ń fi ewé àti ẹrẹ̀ kun, tí ó sì fi rán jákẹ́ẹ̀tì àti yẹ̀rì tí kò dé orúnkún. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bògòlán kì í ṣe aṣọ lásán. Ọdẹ ń wọ̀ ọ́ nítorí ààbò. Wọ́n ń fi ró obìnrin ní àkókò tí ara rẹ̀ wà nínú ewu. Àmì tí a kọ sí i lára ní ìtumọ̀ fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kà. Wọ́n ní ó ti sọ ohun ọ̀wọ̀ di ohun oge. Òun gan-an mọ ìwúwo ọ̀rọ̀ náà, nítorí kò fi ìkánjú ki àlùmọ́gàjí bọ aṣọ ìyá rẹ̀. Kí ni ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ? Aṣọ tí àwọn ọmọ ìlú ńlá ti ń pè ní aṣọ ará oko di ohun tí ọ̀dọ́ Bamako ń fi yangàn. Lónìí, bí ènìyàn bá dárúkọ Málì ní ibikíbi, bògòlán wà lára ohun tí ó ń wá sí ọkàn. Ewu tí ó wà níbẹ̀ gba ibòmíràn wọlé: ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwòrán bògòlán sórí aṣọ lásán, àwọn tí kò tọwọ́ bọ ẹrẹ̀ rí sì ń jèrè rẹ̀. Àlùmọ́gàjí kọ́ ni ó jẹ obìnrin Bamana níyà. Àdàkọ ni.

Àwọn àgbà wa lè sọ pé Málì ni ìyẹn, pé ti Yorùbá yàtọ̀. Ó dára, ẹ jẹ́ kí a ṣí àpótí aṣọ tiwa. Kí ni a ń pè ní aṣọ àìlábùlà? Àlàárì ni? Sílíìkì pupa tí a fi ń hun àlàárì gba aginjù Sàhárà kọjá láti etí òkun àríwá, ó dé Kano, kí ó tó dé orí òfì Yorùbá. Orúkọ rẹ̀ pàápàá jọ ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí í jẹ́ sílíìkì. Iyanrìn kan náà tí Alphadi pàtẹ aṣọ sí lórí ni ọ̀nà tí aṣọ ọlá wa gbà wá. Àdìrẹ ni? Aṣọ funfun tí ẹ̀rọ hun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ìyá wa ní Abẹ́òkúta rà, tí wọ́n fi ẹ̀kọ àti ẹ̀lú sọ di tiwọn. Nígbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe àjọ̀dún ọdún kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí ìtẹ́ ní 1935, wọ́n ya àwòrán òun àti ayaba rẹ̀ sórí àdìrẹ, wọ́n pè é ní Olóba, wọ́n sì tà á. Léèsì ni? Austria ni wọ́n ti ń gbé e wá. Aṣọ egúngún ńkọ́? Ọdọọdún ni ìdílé ń fi aṣọ tuntun lé ti àná, àrán àti dàmáàsìkì òkè òkun wà nínú wọn, kò sì sí ẹni tí ó sọ pé babańlá bínú. Nígbà tí Ṣadé Thomas-Fahm padà láti London sí Èkó ní 1960, ó fi síípù sí ìró, ó sì ṣe gèlé tí a ti wé sílẹ̀ tí ènìyàn kàn ń dé bíi fìlà. Lónìí, ta ni ó ń jiyàn lórí síípù? Yorùbá kò gba aṣọ rí kí ó má fi àmì tirẹ̀ sí i. Àṣà wa ni àrà dídá. Ẹni tí ó bá ní kí a dúró ní ibi kan nítorí àṣà, ó ń bẹ̀ wá kí a dá àṣà náà dúró.

Ẹ̀sùn kan ṣì kù tí a ń gbọ́ lábẹ́lẹ̀: pé àwọn ọmọkùnrin aránṣọ òde òní ń rán aṣọ obìnrin fún ọkùnrin. Adébáyọ̀ Òkè-Láwal, ọmọ Yorùbá tí ó dá Orange Culture sílẹ̀ ní Èkó ní 2011, ti jẹ̀bi ọ̀rọ̀ yìí lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ó fi sílíìkì, òdòdó àti àwọ̀ tí ń tàn rán aṣọ ọkùnrin. Wọ́n bú u nílé, wọ́n sì yàn án ní Paris ní 2014 mọ́ àwọn tí ń du ẹ̀bùn LVMH. Lagos Space Programme, tí Adéjù Thompson dá sílẹ̀ ní Èkó, tí ó fi àdìrẹ ṣe ìpìlẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, tí kì í sì í pín aṣọ sí ti akọ àti ti abo, gba ẹ̀bùn Woolmark ní 2023. A kò pọn dandan pé kí ẹnikẹ́ni fẹ́ràn aṣọ wọn. Ṣùgbọ́n kí ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ má sọ pé òun kò rí irú rẹ̀ rí. Láti Kétu dé ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, ọkùnrin ni ó ń ró ìró obìnrin, tí ó ń wé gèlé, tí ó ń fi igi gbẹ́ ọmú sí àyà, tí ó ń jó ní gbangba láti fi tu àwọn ìyá wa lójú. UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ènìyàn ní 2001, a sì jó, a sì yọ̀. A kò lè fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gba ìyìn láàárọ̀ kí a sì fi aṣọ Òkè-Láwal ṣe èèwọ̀ ní alẹ́.

Wàyí o, ta ni ó ń ba aṣọ wa jẹ́? Ẹ dúró ní òpópónà Ìgólò fún wákàtí kan, kí ẹ ka ẹrù tí ń kọjá. Aṣọ òkìrìkà tí ó ti ọjà Missèbo ní Kútọnù wá ń lọ sí ẹnubodè, nítorí pé Nàìjíríà fi òfin de e, òfin náà sì sọ ọ́ di ọjà tí ń mú owó wá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àǹkárá ń tẹ̀lé. Ilé iṣẹ́ Vlisco ti ń tẹ aṣọ ní Helmond ní ilẹ̀ Netherlands láti 1846. Àwọn ìyá oníṣòwò Lomé, àwọn Nana Benz, fi í di ọlọ́rọ̀, títí ìdínkù iye owó sẹ́fà ní 1994 àti àdàkọ ilẹ̀ Ṣáínà fi gba ọjà mọ́ wọn lọ́wọ́. Òwú ńkọ́? Bẹ̀nẹ̀ wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ń kórè òwú jù lọ ní Áfíríkà. Ọdún púpọ̀ ni a fi ń kó o lọ sí òkè òkun ní tútù, tí a sì ń ra aṣọ tí àwọn ẹlòmíràn fi í ṣe. Ilé iṣẹ́ Glo-Djigbé ń hun díẹ̀ nínú rẹ̀ nílé báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń rán níbẹ̀, ọmọ òyìnbó ni yóò wọ̀ ọ́. Nínú gbogbo èyí, ibo ni yẹ̀rì kúkurú ọmọ Lagbé ti jẹ̀bi?

Ẹ tún wo àwọn tí ń wá mú nínú ohun tiwa. Gbogbo wa ni a mọ àpò onílà tí a ń pè ní Ghana-must-go. Ní 1983, nígbà tí Nàìjíríà lé àwọn àlejò jáde, irú àpò yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi di ẹrù, ilẹ̀ wa níhìn-ín ni wọ́n sì gbà kọjá lọ sí ilé. Ní 2007, Louis Vuitton ṣe àpò onílà bẹ́ẹ̀, ó lẹ orúkọ ara rẹ̀ mọ́ ọn, ó sì gbé e lé iye tí kò sí ẹni tí wọ́n lé ní 1983 tí ó lè san án. Ní 2017, Stella McCartney fi àǹkárá ṣe ìfihàn ní Paris, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì bínú pé ọmọ Áfíríkà kò pọ̀ lára àwọn tí ó wọ̀ ọ́. Dior gba ọ̀nà mìíràn ní Marrakech ní 2019: ó ra aṣọ lọ́wọ́ Uniwax ní Abidjan, ó sì pe Pathé'O, ọmọ Burkina tí ó rán aṣọ fún Mandela, kí ó wá rán tirẹ̀ sí i ní orúkọ ara rẹ̀. A kò sọ pé Dior di ẹni mímọ́. Ṣùgbọ́n ẹnì kan gba owó níbẹ̀, a sì dárúkọ rẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín olè àti oníbàárà kò ju ìyẹn lọ.

Nítorí náà, òfin mẹ́ta péré ni a fẹ́ kí a fi ṣe ìdájọ́ aránṣọ èyíkéyìí, ìbáà ṣe Alphadi, ìbáà ṣe ọmọ ọdún méjìdínlógún tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé CQM. Èkíní: ṣé ó dárúkọ ẹni tí ó hun aṣọ tí ó gé, tàbí ẹni tí ó pa á láró? Èkejì: ṣé ó san owó tí ó tọ́, kí ó tó di pé ó kó èrè tirẹ̀? Ẹ̀kẹta: ṣé ó ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ ní iṣẹ́, àbí ó kàn ń rán an lọ pọn omi? Ẹni tí ó bá yege nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó gé aṣọ bí ó ti wù ú. Ẹni tí ó bá kùnà, bí aṣọ rẹ̀ tilẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, tí ó bo ọwọ́ àti ẹsẹ̀, aláìṣòótọ́ ni.

Ẹnì kan lè ní: ṣebí kí ìjọba fi ipá mú wa wọ aṣọ tiwa, ọ̀rọ̀ á parí? Thomas Sankara ṣe bẹ́ẹ̀ ní Burkina Faso ní àwọn ọdún 1980; ó ní kí òṣìṣẹ́ ìjọba máa wọ faso dan fani, aṣọ híhun ilẹ̀ wọn. Àwọn obìnrin ahunṣọ rí iṣẹ́ ṣe, a kò lè sẹ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ fi aṣọ náà pamọ́ sí ibi iṣẹ́, wọ́n ń sáré wọ̀ ọ́ nígbà tí ọ̀gá bá ń bọ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1987, òfin náà rọ. Ohun tí ó dá aṣọ náà padà sí ara ènìyàn nígbà tí ó yá ni pé àwọn aránṣọ rí i rán lọ́nà tí ọ̀dọ́ fi fẹ́ ẹ. Òfin lè fi aṣọ sí ni lọ́rùn. Àrà nìkan ni ó lè fi í sí ni lọ́kàn.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kò pọ̀. Kí ìfihàn àwọn ọ̀dọ́ dúró nínú ètò. Kí a máa ka orúkọ ahunṣọ àti aláró sókè pọ̀ mọ́ ti aránṣọ, ní Yorùbá àti ní Faransé, bí aṣọ kọ̀ọ̀kan bá ti ń jáde. Kí aṣọ ẹgbẹ́ ọdún yìí jẹ́ èyí tí a hun lórí òfì, kódà bí yóò bá jẹ́ ìborùn àti fìlà nìkan fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó odindi. Ọmọ ẹni kò ṣè ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Bí ó bá jẹ́ àǹkárá tí a tẹ̀ ní òkè òkun ni a gbé wọ̀ wá jókòó sí ìjókòó iyì, ẹnu wa kò gbà á láti bú ọmọ tí ó gé aṣọ òkè.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ti Àjàṣẹ́ àti Abomey-Calavi bọ̀ wá sílé fún àjọ̀dún, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju bí ẹ ti rò lọ. Owó yín kékeré ni, ṣùgbọ́n òun ni yóò sọ bóyá ọmọ iṣẹ́ tí ó dúró nídìí máṣíìnì ní Lagbé yóò wà níbẹ̀ ní ọdún márùn-ún òní, tàbí yóò ti gba Ìgólò kọjá lọ wá iṣẹ́ mìíràn. Ẹ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ bi í léèrè ẹni tí ó hun aṣọ tí ó wà níwájú rẹ̀. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ní kí ó lọ wádìí. Bí ó bá mọ̀ ọ́n, ẹ san owó rẹ̀ pé, kí ẹ sì wọ aṣọ náà wá.